Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ìgbéyàwó Yín Ti Tú Ká l'Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́dún yìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni tọkọtaya ti jókòó sí pálọ̀ mi ní Kubwa, ọkọ lápá ọ̀tún, ìyàwó lápá òsì, tí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ padà sọ́dọ̀ ara yín. Àwọn tó lè bẹ̀ yín ti bẹ̀ yín tì. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà láàárín yín ni mo bá wá.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ ó ti kóòtù bọ̀ tán, owó ilé ìwé á dé, ibà á mú ọmọ lóru, lọ́jọ́ kan á ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á sì tẹ́ àga sílẹ̀ fún ìyá àti bàbá. Mi ò ní kí ẹ ṣọ̀rẹ́. Ẹ ṣáà máa bá ara yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lẹ́yìn tí ìjọba kó olú ìlú kúrò l'Ékòó wá síbí ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, èmi àti ìyàwó mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣí wá. Nígbà tó yá, ìgbéyàwó wa tú ká. Ó ń gbé ní Nyanya, èmi ń gbé ní Kubwa, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń lọ ń bọ̀ láàárín wa. Mi ò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ ni mò ń rán: “Sọ fún ìyá ẹ pé owó tí mo fún un lóṣù tó kọjá dà?” Ìyá rẹ̀ náà ń rán an sí mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sígbà tí ọmọ yìí dé tí kò ní wí pé, “Màámi ní kí n kí yín.” Inú mi á rọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tí àwa méjì pàdé ní ilé ìwé rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ìkíni tí mò ń fi ránṣẹ́ sí i, ni àṣírí tú. Kò sí ẹni tó rán an ní ìkíni nínú wa. Ó ń gbé ìbínú wa mì lójú ọ̀nà, ó sì ń fi ìkíni rọ́pò rẹ̀. Mo wọ inú mọ́tò lọ́jọ́ náà, mi ò lè wà á lọ fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà, ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ ìjà. Ẹ má bi í léèrè ẹni tó wá sílé ìyá rẹ̀, tàbí ohun tí bàbá rẹ̀ ń fi owó ṣe. Kí owó oúnjẹ gba inú àkáǹtì, kí ẹ kọ ohun tó wà fún sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá le, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp ní gbólóhùn méjì. Bó bá jẹ́ ìlú wa ni, ìyá àgbà á gba ọmọ mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń jà. Níbí, yàrá méjì ni gbogbo ilé, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni ọmọ ń gbọ́.

Bó bá jẹ́ rẹ́jísírì ni ẹ ti ṣe ìgbéyàwó, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ni ẹjọ́ yín. Òfin ọdún 1970 tó ń darí ìtúká ìgbéyàwó sọ pé ire ọmọ ni adájọ́ máa gbé síwájú. Kò sọ pé bàbá ló lọmọ, bó ti wù kí àwọn ẹbí pariwo tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí adájọ́ bá sì tú ìgbéyàwó ká, oṣù mẹ́ta ṣì wà kó tó parí pátápátá, ẹ má sáré fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí àlùfáà so yìgì rẹ̀, tó sì gbé e lọ kóòtù Ṣàríà, ìlànà Máliki, ọ̀kan nínú ìlànà òfin Ìsìláàmù, ni wọ́n ń lò l'Àríwá níbí: ìyá ló ni ìtọ́jú ọmọ, títí ọmọkùnrin á fi bàlágà, tí ọmọbìnrin á fi wọ ilé ọkọ, bàbá ló sì ń gbọ́ bùkátà. Bí ìyá náà bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti dúkìá, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ gbọ́. Adájọ́ kì í kàn la ilé sí méjì. Á béèrè orúkọ tó wà lórí ìwé àti ẹni tó sanwó. Obìnrin tó ra sìmẹ́ǹtì, tó san owó kápẹ́ńtà, tí kò ní rìsíìtì kan, tí orúkọ ọkọ nìkan sì wà lórí ìwé ilẹ̀ ní AGIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ l'Àbújá, iṣẹ́ ńlá ń bẹ níwájú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé yín láti ìsinsìnyí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ mọ̀ bóyá ìyàwó yín dá owó sí ilé náà. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Adájọ́ tilẹ̀ lè pàṣẹ pé kí ilé wà fún àǹfààní àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ kí ẹ jọ fẹnu kò sí èyí fúnra yín, kí lọ́yà kọ ọ́, kí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wà nílé. Ẹ̀yin méjèèjì lè wá. Ẹ má mú ọmọ dání.

Èmi ni bàbá yín,
Kubwa, Àbújá