Olóòtú, mọ́tò ọmọ yẹn ò jẹ̀bi o

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà bàbá kan láti Ifẹ̀ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Bàbá yẹn ní ọmọ òun ń fi fóòmù ṣe bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, pé mọ́tò tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹ̀, mẹ́ta ló ti jó mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oṣù kan, pé ayédèrú ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún wa, kí ìjọba bá wa dá sí i. Ẹ̀rín pa mí, kì í ṣe pé mò ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ o, àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tún fáànù àti bẹ́ńdà ṣe ní Iléṣà níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Èrèjà, àwọn ọmọ iléèwé sì máa ń gbé irú bàálù yẹn wá bá mi. Nínú mọ́tò mẹ́wàá tí wọ́n bá ní ó ti jó, bóyá mẹ́ta ló jó lóòótọ́. Àwọn mẹ́ta yẹn náà, àwa la pa wọ́n.

Ayédèrú wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí á tó dá ẹjọ́ fún mọ́tò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé kí ni wọ́n fún un jẹ, ẹrù wo ni wọ́n sì gbé lé e lórí.

(Mọ́tò tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ o. Èyí tó ní káábọ̀nù méjì nínú ni, ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná wọ ibi tó ń yí, bíi ti bẹ́ńdà, tiẹ̀ kàn kéré débi tó máa wọ àtẹ́lẹ́wọ́ ni.)

Ẹni tó bá ti fi bẹ́ńdà lọ ẹ̀wà àkàrà rí tí kò bu omi tó sí i á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Á kàn máa kùn, ò ní yí, òórùn kan á wá máa jáde. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí mọ́tò bá ń yí, yíyí tó ń yí yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ti iná padà kó má baà ya wọlé jù, tó bá wá dúró, kò sí ohun tó ń ti iná padà mọ́, gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì á rọ́ lu kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tò. Mo fi mítà wọn bí kọ́ìlì ọ̀kan ṣe ń dá iná dúró tó lọ́jọ́ kan, ó kà 0.4 ohm. Bátìrì ọmọ náà jẹ́ 7.4 fóòtì (volt). Ẹ fi 0.4 pín in, 18.5 áńpù nìyẹn, ìyẹn bí iná tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ irú mọ́tò tó tó yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní 380, mi kì í jẹ́ kó kọjá 10 áńpù. Torí náà tí bàálù bá fi imú gún koríko tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ há, tí ìka ọmọ ṣì wà lórí rìmóòtù, kó tó pariwo "Jésù" èéfín ti ń jáde. Ká yáa tètè pa iná ni, ká tó sáré lọ gbé bàálù.

Ohun tó ń pa wọ́n jù lójú tèmi ni abẹ̀bẹ̀ iwájú yẹn. Ọmọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá, mọ́tò 380, ó lọ fi abẹ̀bẹ̀ oní 9 ínṣì sí i, ó ní èyí tó tóbi ló máa gbé e dáadáa. Mo ní jọ̀wọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Abẹ̀bẹ̀ oní 6 ínṣì ló bá mọ́tò yẹn mu tí kò bá ní jíà. Tí oní 9 bá fẹ́ yí kíákíá bíi ti oní 6, agbára tó máa gbà ju ìlọ́po márùn-ún lọ! Níbo ni mọ́tò kékeré ti fẹ́ rí i? A yọ ọ́, a fi oní 6 sí i, mọ́tò tí a ò lè fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ wá kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òmíràn sì wà tó dojú abẹ̀bẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, iwájú ló yẹ kó kọ.

Bátìrì ńkọ́? Àwọn ọmọ yìí máa ń lọ ra bátìrì onígun mẹ́rin yẹn, 9 fóòtì, èyí tí wọ́n ń fi sí máíkì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ṣebí 9 ju 7.4 lọ. Ó jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ tín-ínrín, kò lè tú áńpù jáde, bó o bá ti so mọ́tò mọ́ ọn báyìí mítà á já wálẹ̀ lójú ẹ. Èyí tí wọ́n ń tú nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sàn díẹ̀, 3.7 fóòtì ni ẹyọ kan, 4.2 tó bá kún, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ, kí wọ́n má sì fi ṣájà jákujàku gbà á níná lórí bẹ́ẹ̀dì o, ó lè gbiná. Wáyà tín-ínrín tí wọ́n tú lára íápíìsì náà, ẹ gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn tí kò tíì kú wá ńkọ́. Bí mọ́tò bá dúró gbọn-in, tí ìwọ fi ìka ta á tó wá yí, kò jó. Inú ẹ̀, ojú bàbà mẹ́ta ló wà tí káábọ̀nù ń gbá lé lórí, ọ̀kan ló ti dọ̀tí tàbí tí wáyà ẹ̀ já. Ẹ so mítà mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, ibi tí mítà bá ti sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ibẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí, ẹ rọra ṣí ìdérí, ẹ fi òwú àti sípíríìtì nù ún, ẹ fi igi ìtayín yọ dúdú tó há sáàárín. Èmi ti fi igi ìtayín jí mọ́tò tó pọ̀ dìde. Tí iná tó ń ta pàrà lẹ́nu káábọ̀nù bá kéré tó ní àwọ̀ aró, ẹ fi sílẹ̀, àmọ́ tó bá ń tàn pupa yòò, káábọ̀nù ti tán nìyẹn.

Tí mọ́tò bá ń yí tí ìyẹ́ bàálù wá ń gbọ̀n bí ẹni ní ibà, kì í ṣe àjẹ́. Iná tó ń ta lẹ́nu káábọ̀nù ló ń da rìmóòtù láàmú. Kápásítọ̀ ló ń pa ariwo iná yẹn, ẹ wá mẹ́ta tí wọ́n kọ 104 sí lára, wọ́n kún inú rédíò tó ti kú, ẹ lẹ ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀ mọ́tò méjèèjì, ibi tí wáyà ń wọ̀, ẹ lẹ méjì yòókù láti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara agolo ẹ̀. Ó tán. Kí wọ́n má sì ra ESC, ẹ̀rọ tó ń dín iná mọ́tò kù tàbí tó ń fi kún un, oní wáyà mẹ́ta fún un, ti mọ́tò tí kò ní káábọ̀nù nìyẹn, á kàn máa ké píìpíì ni.

Ẹni tó bá sọ pé mọ́tò oní-káábọ̀nù ò lè gbé bàálù, kó mọ̀ pé ní 1957 ni Taplin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi irú ẹ̀ gbé tiẹ̀ sókè, pẹ̀lú bátìrì ayé ìgbà yẹn o.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá Ifẹ̀ kó má tíì ju mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló, mi ò lè wo kówó ṣòfò báyìí kí n dákẹ́. Kó kó wọn dání tó bá ń bọ̀ ní Iléṣà, kó má sì gbàgbé abẹ̀bẹ̀ tí ọmọ náà ń lò, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Èmi ni,
Alátùn-únṣe fáànù, Èrèjà, Iléṣà