Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Ń Sá fún Ọjọ́ Ajé

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.

Dèjì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, mo sì ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ara wa le. Òjò ń rọ̀ déédéé, iṣu tuntun ti ń wọ Ọjà Ọba, ògiri ẹ̀yìnkùlé tó fẹ́ wó nígbà tí o wá lọ́jọ́sí, a ti tún un mọ.

Ọ̀rọ̀ kan tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní, "Bàámi, ọ̀la tún di Mọ́ńdè." Mo gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀ kí o tó sọ ọ́. Láti ìgbà tí o ti wọṣẹ́ ní Èkó, Fúráìdé àti Sátidé nìkan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ. Àwọn ọjọ́ tó kù, ńṣe ni ò ń là wọ́n kọjá bí ẹni ń la ẹrẹ̀.

Ta ló ní kí o máa sá fún ọjọ́ Ajé? Ọ̀sẹ̀ àwọn bàbá wa kò rí báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń yí po: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Bí wọ́n bá ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á di márùn-ún, ìyẹn la ṣe ń pe ọjà wọn ní ọjà ọrún. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá dé, orúkọ Ajé ni wọ́n fún ọjọ́ tí ìwọ ń mí kanlẹ̀ sí yìí. Ṣé o rántí ìyá ìyá rẹ, tí kì í tajà àwìn láàárọ̀ ọjọ́ náà? Á gbálẹ̀ iwájú ìsọ̀, á dúró de ẹni àkọ́kọ́, á gba owó náà, á fi kan iwájú orí. Tayọ̀tayọ̀ ló máa ń ṣe é, bí ẹni pé àlejò ńlá kan ló ń bọ̀.

Èmi náà ní ohun tí mo máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo máa ń dé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé. Kùrukùru á ṣì bo orí Olósùnta, ìdí òkè náà nìkan lèèyàn á máa rí. Màá ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku òwú tó ti dì mọ́ abẹ́ rẹ̀, màá kán òróró sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan péré ni, nítorí bó bá ti di méjì, aṣọ oníbàárà ló máa fara gbá a. Màá wá ki àjákù aṣọ funfun bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, màá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òróró dúdú ló máa kọ́kọ́ yọ sára àjákù náà, á di pupa rúsúrúsú, títí aṣọ á fi máa jáde ní funfun. Ìgbà yẹn ni ohùn ẹ̀rọ á yí padà. Kò ní máa ké ṣàkàṣàkà mọ́, á máa kùn bí ẹyẹlé tó wà nínú ilé rẹ̀. Ọdún 31 ni mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn, kò tíì sú mi. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mi ò bá ráyè ṣe é, ìyá rẹ á mọ̀ lójú mi bí mo bá ti ń wọlé.

Mi ò mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, Dèjì. Ohun kan wà tí mi ò tíì bá ọ sọ rí. Ó ṣeé ṣe kí o má rántí rẹ̀, o ò ju ọmọ ọdún méje lọ. A gba aṣọ ẹgbẹ́jọdá 46 fún ìsìnkú kan, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o ti ilé ìwé dé, o mú àpò kékeré kan wá bá mi. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ rán an láti inú àjákù tó wà nílẹ̀: àǹkárá aláwọ̀ ewé lápá kan, lésì funfun lápá kejì, okùn bàtà lo fi so ó lẹ́nu. O ní ọmọ ayò lo fẹ́ máa kó sí i. Ẹ̀bá ojú ni mo fi wò ó. Mo rí i pé o fa òwú le jù lápá kan tó fi kákò. Mo ní, "Gbé e síbẹ̀, tó bá di Sátidé màá wò ó."

O gbé e síbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Sátidé dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbálẹ̀, wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ pàǹtí, wọ́n ti sun ún. O ò sunkún. O kàn ní, "Kò burú, Bàámi." Owó ìsìnkú yẹn, mi ò lè sọ ohun tí mo fi ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n "kò burú" yẹn ṣì ń dún létí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú "tó bá di Sátidé."

Bí o bá tún wálé, jẹ́ ká jọ lọ sí ààfin. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, ló wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, níbẹ̀, ní nǹkan bíi 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan lọ sí àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò sì padà mọ́. British Museum ló wà títí dòní, àga ni wọ́n fi san án fún ọba. (Ó ń dùn mí, àmọ́ ìyẹn kọ́ là ń sọ.) Mo ti rí àwòrán ilẹ̀kùn náà. Ògògà jókòó tòun tadé, wọ́n gbé òyìnbó bọ̀ wá kí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kò yọ àwọn aláàárù sílẹ̀. Ó gbẹ́ wọn síbẹ̀, bó ṣe fara balẹ̀ fún ọba náà ló fara balẹ̀ fún wọn. Mo wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kánjú títí, mi ò rí i. Ọjọ́ Ajé mélòó ló máa ti kọjá lórí ọkùnrin yẹn nídìí igi?

Ìyá rẹ ní tiẹ̀ ti fi Ọjọ́rú ṣe ọjọ́ iyán. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, àárín ọ̀sẹ̀ gan-an ni. Lánàá-ìjẹta, iṣu tuntun ṣì lómi, kò lè fà dáadáa, ló bá pò ó mọ́ ògbólógbòó iṣu tó ṣẹ́ kù lábà. Ìró odó yẹn ni mo fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí n pa ẹ̀rọ. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ. Aládùúgbò wa gbọ́ ìró ọmọ odó, ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ulé o." Ta ni ò mọ ohun tó bá wá? Àwa mẹ́ta la jọ jẹ ẹ́, oòrùn ń wọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ọjọ́ iṣẹ́ ṣì ku méjì.

Mo mọ̀ pé Èkó kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́. Aago márùn-ún ìdájí lo ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Kétu. Síbẹ̀, bí ẹ bá ti gun afárá Third Mainland, ki fóònù bọ àpò. Wo apá ọ̀tún, níbi tí Màkókò wà, kí o rí bí àwọn apẹja ṣe ń tu ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ìgbà tí mo wá kí ọ, èmi nìkan ni mo ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì náà, àwọn tó kù ti sùn. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn fún ọ, béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀ kí o lè máa pè é bó ṣe yẹ. Yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìwọ àti ẹnì kan á jọ jẹun, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́. Owó tí ò ń ná ní Sátidé náà pọ̀ jù, o mọ̀ ọ́n, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Mi ò ní kí o máa fara da ìyà o. Bí wọ́n bá ń fi ojú rẹ gbolẹ̀ níbi iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ náà ń wọ̀ ọ́ lára ju agbára rẹ lọ, sọ fún mi láìfi bò. Yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì kan rán awakọ̀ tó ń ná Èkó sí ọ. Wo inú rẹ̀ lápá òsì, àpò kékeré kan wà níbẹ̀: aláwọ̀ ewé ni, mo fi lésì funfun gbá a létí. Ọwọ́ ni mo fi rán an, mi ò fi ẹ̀rọ kàn án. Ọjọ́ Ajé ni kí o wọ̀ ọ́. Má gbé e pamọ́ de òde kankan. Tó bá wá di alẹ́ Ọjọ́rú, pè mí, kí o sọ ohun tí o jẹ àti ẹni tí ẹ jọ jẹ ẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.