Eyín tó dákẹ́ kò tíì sàn

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn òǹkàwé yín: eyín tó ń roni lóru, tó wá dákẹ́ lójijì, kò tíì sàn o. Iṣan inú rẹ̀ ló kú. Kòkòrò ṣì wà nínú gbòǹgbò, ọyún á sì máa gbára jọ sídìí rẹ̀. Kápúsù apakòkòrò tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì ní Mushin tàbí Ìdúmọ̀tà kò lè wò ó sàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn rìn, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé inú eyín tó ti kú mọ́. Ìdí tí root canal, ìyẹn fífọ inú gbòǹgbò eyín mọ́ ká sì dí i pa, fi wà nìyẹn.

Wọ́n ní ó máa ń dunni ju fífa eyín lọ. Rárá. Abẹ́rẹ́ kan náà tó ń mú ẹnu kú tipiri la ń gún fún méjèèjì. A ó ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín ká kí itọ́ má bàa wọ̀ ọ́, a ó dá ihò sí i lórí, a ó fi fáìlì tín-ín-rín ha inú gbòǹgbò, a ó fi omi apakòkòrò fọ̀ ọ́ léraléra, ká tó fi gutta-percha, oje igi tó jọ rọ́bà, dí i pa. Eyín iwájú sábà máa ń ní ojú ihò kan nínú gbòǹgbò; ti ẹ̀yìn lókè lè ní 3 tàbí 4. Bí ẹyọ kan bá bọ́ mọ́ni lọ́wọ́, ìrora lè padà.

Èyí tó ń dùn wá jù ni pé ọ̀pọ̀ kì í padà wá kí a fi ìdérí (crown) bo eyín ẹ̀yìn tí a ti ṣe báyìí. Eegun ẹran kan ṣoṣo lè là á dé ìdí, fífà ló sì kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka owó ìdérí mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwa oníṣègùn eyín kan,
Yaba, Èkó.