Ẹ̀sùn lórí Òwú Ìtẹ́ àti Abọ́ Omi tí Ẹ Tà fún Mi fún Ìtọ́jú Ọmọ Ẹyẹ

Ìsánlú,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ 3, Oṣù Kejì, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́,
Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ lẹ́tà yìí nítorí páálí ohun ìtọ́jú ọmọ ẹyẹ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjọ́ 2, Oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ní ₦28,500. Àwòrán ọmọ ẹyẹ tó la ẹnu nínú ìtẹ́ wà lára páálí náà, ẹ sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló dára fún ọmọ ẹyẹ láti ọjọ́ tí ẹyin bá ti pa. Méjì nínú àwọn ohun náà, ìyẹn òwú tí ẹ ní kí a fi tẹ́ ìtẹ́ àti abọ́ omi oníke, ti ṣe àwọn ọmọ ẹyẹ mi léṣe, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú.

Ẹyẹ zebra finch méjì, akọ kan àti abo kan, ni mo ń sìn nínú àgò ní pálọ̀ mi. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni irú wọn ti ṣẹ̀ wá, wọn kò sì tó ológoṣẹ́ ilẹ̀ wa ní títóbi. Takọtabo wọn ló jọ ń sàba tí wọ́n sì jọ ń bọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n akọ ló sábà máa ń ṣa ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ìtẹ́. Nígbà tí mo so òwú yín mọ́ ara àgò gẹ́gẹ́ bí ìwé inú páálí ṣe là á sílẹ̀, odidi ọjọ́ méjì ni akọ náà fi ń kó o wọlé. Abo yé ẹyin márùn-ún, mẹ́rin sì pa ní ọjọ́ 27, Oṣù Kejìlá, lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọ́n ti ń sàba. Ọyẹ́ ń mú gan-an nígbà náà, nítorí náà mo ń fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ àgò lálaalẹ́. Jéró, ẹyin sísè tí mo gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èèpo ẹyin tí mo lọ̀ kúnná àti ewé tẹ̀tẹ̀ tútù ni mo ń fún àwọn òbí, kí wọ́n lè rí ohun gidi pọ̀ sẹ́nu ọmọ. Awọ ara ọmọ ẹyẹ wọ̀nyí fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn ń rí hóró jéró nínú àpò tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ dúró sí lọ́rùn wọn, bí mo bá sì ti rí i pé àpò náà kún kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkàn mi a balẹ̀ láti sùn.

Ní ọjọ́ 5, Oṣù Kìíní, tí wọ́n pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo yọjú wo inú ìtẹ́ nígbà tí àwọn òbí sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Mẹ́ta nínú wọn nàgà, wọ́n la ẹnu, ṣùgbọ́n ìkẹrin kò lè nà rárá. Òwú yín ti wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹsẹ̀ náà ti wú, ó sì ti dúdú láti ibi tí òwú ti fún un lọ dé ọmọ ìka. Bí ọmọ náà ṣe ń jà láti dé ibi tí oúnjẹ wà, bẹ́ẹ̀ ni òwú náà ń fún un sí i. Ọmọ-ọmọ mi di tọ́ọ̀ṣì mú, mo wọ gíláàsì ìkàwé mi, mo sì fi àlùmọ́gàjí kékeré gé òwú náà fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé bí mo bá fà á, ẹsẹ̀ ni yóò bá a wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó sì já bọ́.

Ọmọ ahunṣọ ni mí, ẹ̀yin Ọ̀gá. Ilẹ̀ Búnú ni a ti bí ìyá mi, orí òfì tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń gbé dúró ni ó sì ti fi owó aṣọ tọ́ wa. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé òwú tó bá ta kókó tí ó sì rin kì í tú mọ́, bẹ́ẹ̀ inú ìtẹ́ tí ọmọ ẹyẹ wà kì í gbẹ, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yàgbẹ́. Fọ́nrán òwú yín kọ̀ọ̀kan gùn ju apá mi lọ láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ó yẹ kí ẹni tó dì í sínú páálí ti mọ ohun tí èyí lè fà. Koríko bẹẹrẹ gbígbẹ, tí mo ṣa èyí tó rọ̀ nínú rẹ̀, ni mo fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Ti abọ́ omi kò gùn púpọ̀. Ọmọ ẹyẹ wọ̀nyí kúrò nínú ìtẹ́ ní ọjọ́ 16, Oṣù Kìíní, nígbà tí wọ́n pé ogúnjọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì mọ fífò dáadáa, ibi tí wọ́n bá já sí náà ni wọ́n já sí. Abọ́ yín jìn tó ìka mẹ́rin, ara rẹ̀ sì ń yọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó lera jù lọ nínú rẹ̀, ó ti kú. Ìdérí ìgò tí mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ni àwọn tó kù fi ń mu omi báyìí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kejì sọ fún mi pé òwú gidi ni, pé kò lè pa ẹyẹ lára. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò pè mí padà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè fún kì í ṣe owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó òwú náà kúrò lórí àtẹ, kí ẹ sì kàn sí àwọn tó ti rà á ṣáájú, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹyẹ wọn ti ń sàba lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Abọ́ tí kò jìn ju ìka kan lọ ni kí ẹ máa fi sínú páálí. Lẹ́yìn èyí, mo fẹ́ kí ẹ dá ₦28,500 mi padà. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fèsì ní kíkọ. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n ó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, nítorí òfin ọdún 2018 tó dá àjọ náà sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò léwu.

Mo ti tọ́jú òwú tó ṣẹ́kù, abọ́ náà, páálí àti rìsíìtì. Bí ẹ bá fẹ́ rí wọn, n ó fi wọ́n rán awakọ̀ tó ń ná Lọ́kọ́ja. Ọmọ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kan náà ti ń dá jẹun láti bí ọjọ́ mẹ́ta, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì dúró lórí igi ìsàlẹ̀ tí mo fi aṣọ wé fún un.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìsánlú.