Ilé wa ní Surulere

Bísí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gba àdúgbò wa kọjá ní Sátidé, wọ́n ti wó ilé tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, èyí tá a máa ń jókòó síwájú ẹ̀ mu gàrí, wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀. Bísí, omi bọ́ lójú mi.

Àwa ò tiẹ̀ béèrè rí pé kí ló dé tílé wa rí bẹ́ẹ̀, kéékèèké, tí wọ́n so mọ́ra lọ títí, ògiri kan ló wà láàárín wa, tí màmá ẹ bá wúkọ́ lóru a máa ń gbọ́. Ìgbà tí mo délé ni màmá mi wá ń sọ ọ́ fún mi. Ọmọdé ni wọ́n lọ́dún 1955 tí LEDB, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wólé n'Ísàlẹ̀ Èkó (nítorí àrùn burúkú tí eku ń gbé kiri nìjọba ṣe dá LEDB yẹn sílẹ̀ ní 1928), wọ́n ní kí wọ́n tún olú ìlú ṣe kó dáa lójú. Wọ́n bá kó àwọn èèyàn wa wá sí Surulere, New Lagos ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn.

Ilé yẹn dáa o, omi ẹ̀rọ wà, kíṣìnì wà, àgbàlá wà, ìjọba sì fowó kún rẹ́ǹtì kó má bàa wọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń gbé agboolé bàbá ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá di pé oṣooṣù ló ń san rẹ́ǹtì, tó tún ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ lọ sọ́jà l'Ékòó! Aṣọ ni ìyá mi àgbà ń tà, àwọn oníbàárà ò mọ ibi tí wọ́n lọ mọ́. Àbúrò wọn wà ní Mushin, ẹ̀gbọ́n wọn l'Ágége, àwọn tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀. Màmá mi ní ìyá wọn sunkún títí ọdún àkọ́kọ́ fi parí.

Èmi fẹ́ràn ilé yẹn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ẹ́, mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n wó gbogbo ẹ̀ tán láìsẹ́ni tó rántí báwọn ìyá wa ṣe débẹ̀. LEDB fúnra ẹ̀ ò sí mọ́, 1972 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn míì di LSDPC, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń kọ́lé. Jọ̀ọ́, bá mi bi Màmá bóyá ìwé rẹ́ǹtì àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kó o ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Tiwa ti bómi òjò lọ.

Kí wọn fún mi o.

Èmi ni tìẹ,
Ṣadé