Ẹ̀sùn Lórí Agbaninímọ̀ràn Tí Ẹ Pààrọ̀ fún Mi Láìbéèrè

Òkè-Àrò,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ìgbaninímọ̀ràn,
Alágbàká,
Àkúrẹ́.

Alàgbà,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ AGBANINÍMỌ̀RÀN TÍ Ẹ PÀÀRỌ̀ FÚN MI, ÀTI OWÓ TÍ Ẹ NÍ KÍ N TÚN SAN

Mo rí èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ ní ẹ ti yẹ ọ̀rọ̀ mi wò, ẹ kò sì rí àléébù kankan lára arákùnrin tí ẹ fi mí lé lọ́wọ́, nítorí ó ní ìwé-ẹ̀rí másítà, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ àlùfààṣá sí mi rí. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. N kò jiyàn rẹ̀ nígbà kankan. Ohun tí mo sọ ni pé n kò lè bá a sọ̀rọ̀, ẹ kò sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo dáhùn ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà, kí ó má baà tún di ohun tí akọ̀wé yín yóò fi àwòrán àtàǹpàkò dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ó dá mi lójú pé kò sí nínú fáìlì yín. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í rí oorun sùn. Ilẹ̀ bàbá wa ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì kó tó kú, a kò sì tíì parí rẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ló júwe ọ́fíìsì yín fún mi. Ìyá kan ni ẹ kọ́kọ́ fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ le, tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ká sọ òótọ́, n kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Tí mo bá ń rojọ́ yípo, yóò ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn." Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé mo ti dárí ji ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ẹ ò tíì dárí jì í, mà. Ẹ kàn ń bẹ̀rù torí pé ó ti kú ni."

Inú bí mi débi pé mo dìde láìdágbére. Mo jáde dé géètì, mo ra píọ́ wọ́tà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, mo sì mu ún tán lórí ìdúró. Nígbà tí mo padà wọlé, kò bẹ̀ mí, kò sì fajú ro. Ó ní kí n jókòó. Ó ní òun náà àti àbúrò òun wà nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ara rẹ̀, ó bi mí pé iye pílọ́ọ̀tì mélòó gan-an ni ilẹ̀ tí à ń jà lé lórí. Ìbéèrè yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ẹ̀rín náà ni ẹkún wá. Lóru ọjọ́ yẹn, mo sùn di ìdájí.

Ìyá yìí ni ẹ gbé lọ sí ẹ̀ka yín ní Oǹdó. Kò sí ẹni tó pè mí. Mo dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ tí a dá, mo bá arákùnrin kan lórí àga rẹ̀.

Tí mo bá ń ṣàpèjúwe arákùnrin yìí, yóò dà bíi pé mo ń yìn ín. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó máa ń mi orí. Ẹ̀rín músẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kì í kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe pé mo ń rẹ́rìn-ín, ìbáà ṣe pé omi ń dà lójú mi. Mo sọ fún un pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí fóònù mi, ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, tí n kò tíì gbọ́ títí di òní nítorí mo rò pé èébú ilẹ̀ ni. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi. Ó mi orí. Ó ní, "Mo gbọ́ yín, mà. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ yìí dùn yín gan-an." Lẹ́yìn náà ló yọ́jú wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ti yí ojú aago náà sí abẹ́ ọrùn ọwọ́ kí n má baà mọ̀ pé ó ń wò ó, ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wo aago ni mo mọ̀. Nígbà tí mo padà lọ, mo dán an wò. Mo ní ewúrẹ́ onílé wa jẹ èlùbọ́ tí mo sá síta. Ó mi orí bó ṣe mi ín ní ọjọ́sí, ó ní òun gbọ́ mi, pé ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. (Ó sì dùn mí lóòótọ́ o. Ẹ̀yin náà mọ iye tí èlùbọ́ ń lọ lọ́jà.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú agbéraga wo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Guidance and Counselling wà nínú ohun tí mo kà ní Adéyẹmí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ l'Óǹdó. Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1957 pé nǹkan mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ wà kí ìyípadà tó lè bá ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn. Mẹ́ta nínú wọn ni a máa ń há sórí fún ìdánwò: kí agbaninímọ̀ràn má díbọ́n, kí ó gba ẹni náà tọwọ́tẹsẹ̀ láìfi nǹkan kan dè é, kí ó sì mọ ohun tó ń ṣe ẹni náà lára bí ẹni pé òun ló ń ṣe, láìgbàgbé pé òun kọ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a máa ń fò. Òun ló sọ pé ìtẹ́wọ́gbà àti òye yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ó kéré tán dé ìwọ̀n díẹ̀, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ rí i pé ó wà. Bí àánú bá kún inú agbaninímọ̀ràn, tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò rí i, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ló yẹ kí ẹ bi bóyá ó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò lè bá mi dáhùn ìyẹn.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ohun tí mo ń wí ni pé kí gbogbo àwọn agbaninímọ̀ràn yín máa jágbe mọ́ni. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì FUTA, ọ̀dọ̀ arákùnrin yìí kan náà ló ń wá, ó sì ní kò sí irú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn dàgbà, igbe ni wọ́n fi ń jí, igbe ni wọ́n fi ń sùn. Kí ẹnìkan jókòó tì í fún wákàtí kan láìgbé ohùn sókè, láìdá a lẹ́kun, ohun tó ti ń wá kiri nìyẹn. Ẹ̀rín tó ń bí mi nínú yẹn, ọmọ náà ní ó ń fi òun lọ́kàn balẹ̀. Mo bi í nípa aago. Ó ní òun kò rí aago kankan. Nítorí náà n kò ní kí ẹ lé e, n kò tilẹ̀ ní kí ẹ bá a wí, àfi ti aago yẹn nìkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú tí èmi fi rí i àti ojú tí ọmọ yẹn fi rí i, méjèèjì ló yẹ kí ẹ mọ̀, kí ẹ sì fi ṣiṣẹ́.

Ohun mìíràn wà tó tún bí mi nínú. Arákùnrin yìí ní kí n máa kọ ohun mẹ́ta tí mo ń dúpẹ́ fún sínú ìwé lálaalẹ́. Kò burú. À ń ṣe irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò bi mí bóyá ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ìjà tí n kò rí ẹni bá parí mọ́ ni mo gbé wá. Edward Bordin, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn bíi Rogers, ṣàlàyé ní 1979 pé àjọṣe agbaninímọ̀ràn àti oníbàárà dúró lórí kí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n ń lépa, kí wọ́n fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe láti dé ibẹ̀, kí ìfọkàntán sì wà láàárín wọn. Ní 2018, Christoph Flückiger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 295 jọ, àwọn tó gba ìtọ́jú nínú wọn lé ní 30,000. Wọ́n rí i pé ibi tí àjọṣe yìí bá ti dán mọ́rán, ibẹ̀ ni ara ti sábà máa ń yá jù, irú ìtọ́jú yòówù kí ó jẹ́. Kì í ṣe òun nìkan ló ń wo ènìyàn sàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ lè fọwọ́ rọ́ tì.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù yín. Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́? Ṣé wọ́n kí yín dáadáa lẹ́nu ọ̀nà? Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ti ní kí a fún agbaninímọ̀ràn ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5. Arákùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé e fún mi, ó dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní márùn-ún. Ta ni yóò wo ojú ọmọ ọlọ́mọ báyìí kí ó fún un ní méjì? Ìràwọ̀ márùn-ún yìí ni ẹ wá gbé kò mí lójú nínú èsì yín, pé "ẹ̀yin fúnra yín lẹ yìn ín." Láti 1962 ni Godfrey Barrett-Lennard, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ti ṣe ìwé ìbéèrè tí oníbàárà fi ń sọ bóyá òun rí i pé agbaninímọ̀ràn ka òun sí, pé ọ̀rọ̀ òun yé e, pé kì í díbọ́n. Kí ẹ bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìpàdé bíi méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé tún ṣe, kí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Kò ní ná yín ju bébà lọ.

Ní ti owó. Nígbà tí mo ní kí ẹ dá mi padà sọ́dọ̀ ìyá yẹn, akọ̀wé yín ní ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni Oǹdó, pé kí n san ₦15,000 láti forúkọ sílẹ̀ lọ́tun, àti pé ₦48,000 tí mo ti san sílẹ̀ fún àwọn ìpàdé tó kù kò ṣeé gbé kúrò ní Àkúrẹ́. Pátákó kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì. Àkáǹtì kan náà ni a ń sanwó sí. Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ, èmi kọ́ ni mo sá kúrò.

Mo fẹ́ kí ẹ gbé owó mi tẹ̀ lé e lọ sí Oǹdó, kí ẹ gbé fáìlì mi náà dání, n kò ní bẹ̀rẹ̀ ìtàn ikú ẹ̀gbọ́n mi láti orí fún ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ ò wọ́n láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, mo lè máa lọ ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi gbà sílẹ̀ yẹn, mo ti pinnu pé n ó tẹ̀ ẹ́ gbọ́, iwájú ìyá yẹn ni mo sì fẹ́ ti gbọ́ ọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá ₦48,000 mi padà kí oṣù yìí tó parí. Bí ẹ kò bá ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, n ó gbé ìwé yìí àti rìsíìtì mi lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà.

Ẹ má fi èsì ránṣẹ́ sí WhatsApp mọ́. Ẹ pè mí lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, n kì í gbé fóònù ní kíláàsì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Oníbàárà yín láti Òkè-Àrò.