Ẹ má wo ìwé àyẹ̀wò tó kẹ́yìn nìkan

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ka ojú ìwé mọ́tò yín dáadáa, ẹ sì ń gbìyànjú, àmọ́ gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ bá ti kan ríra mọ́tò àlòkù, ohun kan náà lẹ máa ń sọ: ẹ mú màkáníìkì dání, ẹ wà á yíká, ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Kò burú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ti lo ọdún 12 tàbí 15 láyé, ohun téèyàn lè fojú rí lọ́jọ́ tó lọ wò ó ò tó nǹkan, torí ẹni tó fẹ́ tà á ti fọ̀ ọ́, ó ti nu ẹ́ńjìnnì ẹ̀ títí tó fi ń dán, ó tiẹ̀ lè ti mú un gbóná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ariwo tó máa ń pa tó bá ṣì tutù. Ohun tí ò lè fọ̀ ni àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ṣe fún mọ́tò yẹn látọdún mọ́dún. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa pariwo ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò wò ó rárá, àwọn tó sì ń wò ó, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni. Ṣó páàsì? Ó páàsì. Ó parí nìyẹn. Páàsì wo? Ẹ wo MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò ní Bìrìtìkó (Britain), ìjọba ibẹ̀ fúnra wọn sọ ọ́ pé àwọn kì í yẹ ipò tí ẹ́ńjìnnì, kúlọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì wà wò, bírèkì, iná, táyà, ìpẹtà, èéfín àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ni tiwọn, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ò sì gbọ́dọ̀ máa tú mọ́tò palẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Nítorí náà ìwé tó bá páàsì lóṣù tó kọjá, bí mọ́tò ṣe wà lọ́jọ́ yẹn ló ń sọ, kò sọ irú ìgbésí ayé tó ti gbé.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá to àwọn ìwé yẹn tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. 2016, ó páàsì, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé páìpù bírèkì ẹ̀yìn ti ń dípẹtà díẹ̀. 2017, ó páàsì, páìpù yẹn náà ni, wọ́n wá fi kún un pé ọ́ìlì ń jò. 2018, páìpù yẹn ṣì ni, "díẹ̀" ti kúrò níbẹ̀. 2019, ó féèlì, ìpẹtà ti jẹ páìpù kọjá ààlà, lọ́jọ́ kejì wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ó sì páàsì. Ẹni tó bá sáré kà á á ní wọ́n ṣáà ti tún un ṣe, kí ló kù? Ẹni tó ni mọ́tò yẹn gan-an ló kù! Odindi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́ fún un pé bírèkì ẹ̀ fẹ́ dìṣòro, kò ṣe nǹkan kan àfìgbà tí wọ́n fipá mú un, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ wá rò pé ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì lásìkò, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń yẹ ìyẹn wò?

Mọ́tò tó ń féèlì ò bà mí lẹ́rù o. Èyí tó féèlì lọ́dún kan torí ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọdún tó tẹ̀ lé e kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn wù mí ju èyí tó ń fa ẹsẹ̀ páàsì lọ́dọọdún pẹ̀lú ìkìlọ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Èyí tó máa ń kọ mí lóminú ni ìkìlọ̀ tó kàn pòórá. Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀kùn ti ń dípẹtà ní 2020, ní 2021 wọn ò sọ ọ́ mọ́. Ìpẹtà kì í wò ara ẹ̀ sàn. Bóyá wẹ́dà ti jó o dáadáa, bóyá wọ́n kàn fi ọ̀dà dúdú kùn ún mọ́lẹ̀, ẹ bèèrè rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, ibi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ti máìléèjì, ìyẹn iye máìlì tí mọ́tò ti rìn, ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ làṣírí àwọn tó ń yí i sẹ́yìn ti ń tú. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má lọ pe olóòótọ́ lólè. Tó bá jẹ́ 104,000 lọ́dún kan, 11,200 lọ́dún kejì, 120,000 lọ́dún kẹta, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló gbàgbé òdo kan. Ìgbà míì sì wà tí wọ́n á kọ kìlómítà síbi tó yẹ kí wọ́n kọ máìlì, 100,000 máìlì sì jẹ́ nǹkan bíi 160,000 kìlómítà, ó lè dà bí ìgbà tí mọ́tò fò sókè lójijì. Àmọ́ tó bá já wálẹ̀ látorí 104,000 sí 71,000, tó sì wá ń gun òkè jẹ́jẹ́ látibẹ̀, ẹ dágbére fún wọn.

Ẹ tún wo ọdún tó bá fò. Mọ́tò tí ò ṣàyẹ̀wò fún ọdún mẹ́ta lè jẹ́ pé ó jókòó síbì kan, rọ́bà ẹ̀ ń gan, bírèkì ẹ̀ ń lẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní rárá, òun ń wà á, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù DOT lára táyà: 1417 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti tó ọdún mẹ́jọ, tí eyín ẹ̀ ṣì ga bíi tuntun, á bá yín dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ibi téèyàn ti máa rí i yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní Bìrìtìkó, ọ̀fẹ́ ni lórí GOV.UK, nọ́ńbà mọ́tò nìkan lẹ máa tẹ̀, àwọn ìwé látọdún 2005 ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti lé lógójì ọdún ò ṣe é ní dandan mọ́ látọdún 2018. Ní Jámánì àti Japan, ọdún kẹta ni mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun máa kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà lọ́dún méjì méjì. Ní Belgium, ẹni tó ń ta mọ́tò gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Car-Pass, tí máìléèjì wà nínú ẹ̀. Amẹ́ríkà ni kò gún régé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ò tiẹ̀ ń ṣàyẹ̀wò ọdọọdún, nọ́ńbà ṣaṣí onílẹ́tà àti òǹkà 17 lẹ máa fi wádìí bóyá omi ti gbé mọ́tò ọ̀hún rí tàbí pé ìjàǹbá ti bà á jẹ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá rí I, O tàbí Q nínú ẹ̀, ẹnì kan ti ṣì í kọ tàbí kó jẹ́ ayédèrú, torí wọn kì í lo lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò le. Ẹ bá wa gbé àkọsílẹ̀ mọ́tò kan sójú ìwé yín, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ bo nọ́ńbà ẹ̀, kí màkáníìkì tó mọṣẹ́ wá kọ ohun tó rí sí ẹ̀gbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n gba nọ́ńbà mọ́tò àti ti ṣaṣí lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹni tó bá ní òun ò lè fún wọn àfi tí wọ́n bá dé, kí wọ́n jókòó sílé wọn jàre.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín